Oògùn ìrora líle nínú oyún: èsì sí lẹ́tà yín láti Ìkòròdú

Lẹ́tà mẹ́fà la mú lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wọn láti Ìkòròdú àti àyíká rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tramadol, codeine, dihydrocodeine, pentazocine àti morphine ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹbí kan náà ni gbogbo wọn, opioid ni àwọn oníṣègùn ń pè wọ́n. Ìwé dókítà ló yẹ ká fi rà wọ́n, àǹfààní wọn kò sì kéré fún ẹni tí ìrora bá dè mọ́lẹ̀. Ohun tó dùn wá nínú lẹ́tà wọ̀nyí ni bí àwọn aláboyún ṣe ń fi oògùn tí wọ́n ń lò pamọ́ fún nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èsì tó kàn yín tán kí ẹ tó dín oògùn yín kù tàbí kí ẹ fi kún un.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà ní Sábo. Ọ̀kadà gbé mi ṣubú lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yìn mi kò sì gbádùn láti ìgbà náà. Dókítà kọ tramadol 50mg fún mi, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rà á fúnra mi ní kẹ́míìsì. Ní báyìí 100mg ni mò ń lò, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ó ti pé oṣù mẹ́jọ. Oyún mi ti wọ oṣù karùn-ún, n kò sì tíì sọ fún nọ́ọ̀sì. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n jù ú dànù lónìí kó tó ba ọmọ jẹ́. Lọ́jọ́ tí mo gbìyànjú ẹ̀, òógùn bò mí, inú ń lọ́ mi, n kò fojú ba oorun. Kí ni kí n ṣe? — Aláṣọ, Sábo

Ẹ má jù ú dànù lónìí, ẹ má sì fi kún un. Bí ẹ ṣe ń lò ó gan-an ni kí ẹ ṣì máa lò ó títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí ẹ sì rí i pé ẹ débẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí.

Ohun tí ẹ rí lọ́jọ́ náà kì í ṣe àìsàn tuntun. Oṣù mẹ́jọ tó kí ara gbójú lé oògùn yìí, bí kò bá sì rí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í jà: òógùn, ìgbọ̀nrìrì, inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, àìsùn, àyà tó ń lù kìkì. Oògùn náà ń gba inú ibi ọmọ kọjá, nítorí náà ó ti mọ́ ọmọ inú yín lára bó ṣe mọ́ ẹ̀yin náà lára. Bí ìyá bá já a lójijì, ìnira náà kan ọmọ. Ilé ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì, oyún lè wálẹ̀, ìrọbí sì lè dé kí oṣù tó pé. Ewu kejì wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò. Ẹni tó fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, tí ìrora wá lé padà sídìí rẹ̀, tó sì gbé iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ mì, ara rẹ̀ kò lè gbà á mọ́. Èémí rẹ̀ lè dá lójú oorun.

A kò wí pé kí ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi bímọ. 400mg lójúmọ́ ni òpin tí wọ́n fi lélẹ̀ fún àgbàlagbà tí kò tilẹ̀ lóyún, ẹ̀yin sì ti wà ní 300mg. Tramadol tún máa ń fa gìrì ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹbí rẹ̀ lọ, pàápàá bí ó bá pọ̀ tàbí bí ẹ bá ń lo amitriptyline tàbí oògùn ìbànújẹ́ ọkàn bíi fluoxetine àti sertraline pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ rò ó wò: aláboyún tí gìrì mú lẹ́yìn oṣù karùn-ún, ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ni dókítà máa kọ́kọ́ fura sí, òun náà ló sì máa tọ́jú. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un pé tramadol wà ńlẹ̀, ta ló fẹ́ wá a débẹ̀? Ẹ yẹ páálí rẹ̀ wò pẹ̀lú. Kápúsù tí wọ́n kọ 225mg tàbí 250mg sí lára kì í ṣe èyí tí NAFDAC fọwọ́ sí, a kò sì lè fọkàn tán ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má da oògùn ìfọkànbalẹ̀ bíi diazepam àti Lexotan, ọtí, ògógóró tàbí agbo olótí pọ̀ mọ́ ọn láéláé. Àpapọ̀ wọn ló ń dá èémí dúró.

Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ nínú ìwé: aago tí ẹ lò ó, iye tí ẹ lò, bí ara ṣe rí kí ẹ tó lò ó. Ẹ gbé páálí oògùn náà dání pẹ̀lú gbogbo oògùn mìíràn, agbo pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ kò gùn: “Tramadol 100mg ni mò ń lò, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, láti oṣù mẹ́jọ. Mo fẹ́ fi í sílẹ̀, ara mi kò gbà.” Ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, kí ẹ sì ní ẹ fẹ́ rí dókítà aláboyún fúnra rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì kan bá jágbe mọ́ yín, ẹ fara dà á, ẹ má torí ẹ̀ padà sílé. Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú ló súnmọ́ yín jù fún èyí. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn, wọ́n á kọ̀wé gbé yín lọ sí ọsibítù ńlá bíi LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà.

Ọ̀nà méjì ni dókítà lè gbà. Àkọ́kọ́ ni kí ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, bóyá ìdá kan nínú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, kí ara sì rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin kí wọ́n tó tún dín in. Ìdá kan nínú mẹ́wàá 300mg jẹ́ 30mg, bẹ́ẹ̀ 50mg ni kápúsù tó kéré jù tí ẹ máa rí ní ọ̀pọ̀ kẹ́míìsì. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ ṣe ìṣirò yìí nínú ilé. Bí ti yín bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n kọ SR sí lára, tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ikùn, ẹ má tú u, ẹ má rún un lẹ́nu. Gbogbo oògùn wákàtí méjìlá á wọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà kejì wà fún ẹni tí oògùn ti di bárakú fún pátápátá: kí wọ́n fi methadone tàbí buprenorphine, opioid tó ń pẹ́ lára tí dókítà ń ṣọ́ ìlò rẹ̀, rọ́pò rẹ̀ títí dìgbà ìbímọ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2014 fara mọ́ èyí ju kí aláboyún máa tiraka láti já a pátápátá lọ, nítorí ọ̀pọ̀ tó bá já a ló ń padà sídìí rẹ̀. Bí wọ́n bá darí yín sí ọsibítù ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, ẹ má jẹ́ kí orúkọ ibẹ̀ dẹ́rù bà yín. Wọ́n ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti mọ́ lára.

Ní ti pé ó máa ba ọmọ jẹ́: oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ọkàn, ọpọlọ àti eegun ẹ̀yìn ọmọ ń dá. Àwọn ìwádìí kan rí i pé àbùkù ara àti ti ọkàn pọ̀ díẹ̀ sí i lára ọmọ tí ìyá wọn lo oògùn yìí nígbà náà, síbẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bí láìlábùkù. Àárín ọ̀sẹ̀ 18 sí 22 ni wọ́n ń ṣe ìyàwòrán tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yà ara ọmọ fínnífínní, ibẹ̀ gan-an lẹ wà báyìí. Ẹ béèrè fún un.

Ẹ̀yìn yín náà kò gbọdọ̀ wà láìnítọ̀ọ́jú, torí òun ló bí gbogbo rẹ̀. Paracetamol 500mg hóró méjì ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, kó má ju hóró mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Aṣọ gbígbóná sí ẹ̀yìn fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ fẹ̀gbẹ́ òsì sùn, kí ẹ fi ìrọ̀rí sí àárín orúnkún méjèèjì. Kí ẹlòmíràn máa bá yín gbé ẹrù aṣọ sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó lè rán yín sí ẹ̀ka físíò.

Ohun kan kù tí a fẹ́ kí ẹ kọ sínú káàdì yín pẹ̀lú bírò pupa. Bí ẹ bá ṣì wà lórí tramadol nígbà ìrọbí, kí wọ́n má fún yín ní abẹ́rẹ́ pentazocine. Lára ẹni tí opioid ti mọ́ lára, abẹ́rẹ́ yẹn lè lé oògùn tó wà ńlẹ̀ kúrò, kí gbogbo ìnira tí ẹ rí lọ́jọ́sí sì dé lójú ìrọbí. Àwọn dókítà ọmọdé náà gbọ́dọ̀ mọ̀, torí naloxone tí wọ́n ń fún ẹni tí opioid dá èémí rẹ̀ dúró lè fa gìrì fún ọmọ tuntun tí oògùn ti mọ́ lára láti inú. Ilé àgbẹ̀bí kò tó fún ìbí yìí. Ọsibítù ni kí ẹ bímọ sí.

Dókítà kọ dihydrocodeine fún ọmọ mi obìnrin nítorí ìbàdí rẹ̀, ó sì ti lò ó láti oṣù kẹrin oyún. Oṣù tó ń bọ̀ ló máa bí. Wọ́n ní ọmọ lè máa gbọ̀n. Kí la máa rí, kí la sì máa ṣe? — Ìyá àgbà, Ìjẹ̀dé

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè ṣáájú, Mama. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń rí i. Bí wọ́n bá gé ìwọ́ ọmọ, oògùn tó ń bá ọ̀nà ibẹ̀ wọlé dáwọ́ dúró, ara ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkẹta ló sábà máa ń hàn, ó lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan bó bá jẹ́ oògùn tó ń pẹ́ lára. Ọmọ á máa ké tìn-ìn láìdákẹ́, á máa gbọ̀n bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ á le. Á máa sín, á máa yán, imú rẹ̀ á dí. Á máa fi ìwàǹwára mu ọmú ṣùgbọ́n kò ní mu ún yó, á pọ̀ ọ́ tàbí kí ó máa yàgbẹ́ gbuuru. Kì í sùn ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa dá a dúró ní ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré jù, tàbí mẹ́rin sí méje bí oògùn ìyá bá jẹ́ èyí tó ń pẹ́ lára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìkómọ kánjú mú ọmọ jáde. Ọjọ́ kẹjọ ṣì lè bá yín nílé, bí kò bá sì bá yín, ẹ lè sọ ọmọ lórúkọ níbi tó wà.

Ìtọ́jú rẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ yín ju bí ẹ ti rò lọ. Ẹ dín iná yàrá kù, kí ariwo má pọ̀, kí àlejò má máa gbé e kiri láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e kó fún un dáadáa, ṣùgbọ́n kí imú àti ojú rẹ̀ hàn. Ẹ tú aṣọ àyà ìyá, ẹ gbé ọmọ lé àyà rẹ̀ ní ìhòòhò. Kí ó máa mu ọmú díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́, bí dókítà bá ti ní kí ó mu ún. Bí kò bá lè jẹun, kò lè sùn, tí kò sì ṣeé rẹ̀ lẹ́kún, wọ́n lè fún un ní morphine olómi ní ìwọ̀n kékeré tí wọ́n á máa dín kù lójoojúmọ́. Ó lè yà yín lẹ́nu pé oògùn irú kan náà ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ nìyẹn. Ẹ má fún un ní agbo gìrì, ẹ má fún un ní omi àlùbọ́sà.

Bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ọmọ bá ń gbọ̀n, ẹ rọra dì í mú. Ìgbọ̀nrìrì lásán á dúró lọ́wọ́ yín. Gìrì kò ní dúró. Gìrì, ara gbígbóná tó dé 38°C, ètè tó ń dúdú, ọmọ tí kò mu ọmú lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra: ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, bó bá sì jẹ́ ilé lẹ wà, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù kódà bó jẹ́ òru. Kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n wo bóyá kòkòrò àrùn ti wọ ara rẹ̀, torí àwọn náà máa ń jọ èyí. Kí ẹ sì bá wa dáàbò bo ìyá ọmọ. Oògùn tí dókítà kọ ló lò. Kí ẹnikẹ́ni má fi í ṣe èébú.

Ẹ̀jẹ̀ SS ni mí, oyún oṣù mẹ́ta. Ìyá ọkọ mi ní abẹ́rẹ́ ìrora ń pa ọmọ, pé kí n máa mú ìrora mọ́ra bí ó bá dé. — Ìgbógbó

Ẹ má mú un mọ́ra. Kíráísìsì, ìrora líle tó máa ń dé bá ẹlẹ́jẹ̀ SS, bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó léwu fún ọmọ ju morphine ọjọ́ méjì lọ. Nígbà tí ìrora bá lé, èémí ń gé kúrú, omi ń gbẹ lára, atẹ́gùn tó ń dé ibi ọmọ sì ń dínkù. A mọ̀ pé ìfẹ́ ni Mama fi sọ ọ́. Ẹ fi èsì yìí hàn wọ́n.

Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ mu omi púpọ̀, ẹ bora, ẹ lo paracetamol bí a ṣe kọ ọ́ sókè. Bí kò bá rọlẹ̀, dókítà lè ti kọ dihydrocodeine tàbí codeine sílẹ̀ fún yín tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá ju ìyẹn lọ, ọsibítù ni. Ó yẹ kí wọ́n fún yín ní oògùn ìrora láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ẹ débẹ̀, kí wọ́n máa padà wò yín ní ọgbọ̀n-ọgbọ̀n ìṣẹ́jú títí yóò fi rọlẹ̀, kí wọ́n sì máa ka iye èémí yín. Morphine ni ó dára jù fún un. Pethidine, opioid mìíràn, kò dára fún ẹlẹ́jẹ̀ SS, torí ohun tó ń ṣẹ́kù lára rẹ̀ máa ń fa gìrì. Pentazocine tí wọ́n ń gún lójú kan náà lemọ́lemọ́ máa ń sọ ẹran ara di líle, ó ń di egbò, ó sì máa ń di bárakú. Ẹ lè sọ gbogbo èyí fún dókítà láìbẹ̀rù. Ẹ má fúnra yín ra ibuprofen tàbí diclofenac.

Oògùn ọjọ́ díẹ̀ nígbà kíráísìsì kò sọ yín di ẹni tí oògùn ti di bárakú fún. Bó bá wá di ojoojúmọ́ lápá ìparí oyún, kí dókítà ọmọdé mọ̀. Folic acid 5mg lójoojúmọ́ ni wọ́n sábà ń kọ fún irú yín. Bó bá jẹ́ pé hydroxyurea, oògùn tó ń dín kíráísìsì kù, lẹ ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ sọ ọ́ lọ́la òde yìí, torí wọ́n sábà máa ń dá a dúró nínú oyún. Bí ikọ́, ibà tàbí ìrora àyà bá bá kíráísìsì rìn, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́.

Wọ́n ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ìbímọ fún mi. Ẹni tó ṣe é ṣáájú mi ní tramadol ni wọ́n fún òun lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé mo lè fọ́mọ lọ́mú? — Ìmọ̀tà

Ẹ fún ọmọ lọ́mú. Ẹ béèrè ṣáájú bóyá paracetamol 1g ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà pẹ̀lú ibuprofen 400mg ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ á tó fún yín. Lẹ́yìn ìbímọ, ibuprofen kò léwu fún ọmọ ọmú, àfi bí ìyá bá ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ní oṣù kẹrin 2017, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé kí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú má lo codeine tàbí tramadol, torí ẹ̀dọ̀ àwọn kan ń sọ wọ́n di oògùn líle kíákíá, ó sì ń gba inú ọmú dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Bí dókítà yín bá rí i pé kò sí ọ̀nà mìíràn, kí ó jẹ́ ìwọ̀n tó kéré jù fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ẹ máa ṣọ́ ọmọ: ó yẹ kó mu ọmú tó ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí méjìlá láàárín wákàtí 24. Bó bá sùn ju wákàtí mẹ́rin lọ tí kò ṣeé jí, tó rọ bí aṣọ, tàbí tí èémí rẹ̀ ń falẹ̀, ọsibítù nìyẹn lójú ẹsẹ̀. Fún ìyá: omi, ewédú, ìbẹ́pẹ, torí oògùn yìí máa ń gbẹ ìgbẹ́, kò sì sí ìyá tuntun tó fẹ́ máa gìn lórí ojú abẹ.

Ìyàwó mi lóyún oṣù méje, ikọ́ ń dà á láàmú. Ẹnìkan ní òun lè bá mi wá oògùn ikọ́ oní-codeine. — Odogunyan

Ẹ má gbà á, ọ̀gá. Ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ oní-codeine wọlé láti oṣù karùn-ún 2018, torí náà ẹni tó fẹ́ bá yín wá a ń ta ohun tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò. Codeine kì í wo ikọ́ sàn. Ó kàn ń pa á lẹ́nu mọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á sì wà nínú àyà. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú oyin ti tó fún ikọ́ òtútù. Bó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n yẹ itọ́ rẹ̀ wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Wọn kì í gbowó àyẹ̀wò náà. Ẹ̀jẹ̀ nínú itọ́, ibà, tàbí kó máa mí gúlegúle: ẹ gbé e lọ lónìí.

Níwọ̀n bí tramadol ti léwu, ṣé kí n fi Alabukun rọ́pò rẹ̀ fún orí fífọ́? Oyún mi ti pé oṣù mẹ́fà. — Ògólóńtò

Rárá. Aspirin àti káfíìnì ló wà nínú Alabukun. Aspirin tó pọ̀, ibuprofen àti diclofenac, láti ọ̀sẹ̀ 20 lọ, lè dá iṣẹ́ kíndìnrín ọmọ lẹ́kun kí omi tó yí i ká sì dínkù. Bó bá sún mọ́ ìbímọ, wọ́n lè pa ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kan nítòsí ọkàn ọmọ dé kí àkókò rẹ̀ tó tó. Paracetamol ni kí ẹ lò. Orí fífọ́ tí kò lọ lẹ́yìn paracetamol, tí ojú ń ṣe bàìbàì, tí ojú tàbí ọwọ́ sì wú, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé dókítà ló kọ aspirin kékeré fún yín, 75mg tàbí 150mg lálaalẹ́ láti dènà ẹ̀jẹ̀ ríru oyún, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ má fi í sílẹ̀ nítorí ohun tí a kọ síbí yìí.